Ọkàn Tó Ki Òwú Bọ Etí

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira, ẹ kú àìsọ̀rọ̀. Mo kí yín dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu Màmá ni mo ti gbọ́ pé wọ́n gbé yín lọ sí ọsibítù, wọ́n sì dá yín dúró síbẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò àti ajá aládùúgbò tó ń gbó ló kún inú rẹ̀. Ẹ rántí ajá. Ẹ kò rántí pé ẹsẹ̀ yín ti wú bí ìrọ̀rí, pé orí àga lẹ ti ń sùn nítorí pé ẹ kò lè mí bí ẹ bá dùbúlẹ̀, pé ẹ kò lè gun àtẹ̀gùn ilé yín láìdúró láàárín.

Màmá ní ẹ sọ fún gbogbo àdúgbò pé gáàsì ni. Bàbá, gáàsì wo ló ń wú ènìyàn lẹ́sẹ̀? Ṣé ó kúrò nínú ikùn, ó wá ń rìn lọ sí ọrùn ẹsẹ̀ bí àlejò tó ń wá ilé? Wọ́n ní aládùúgbò yín tó ń rán bàtà ló sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni ti òun náà máa ń ṣe. Kò burú. Bí bàtà yín bá já, ẹ gbé e lọ bá dókítà.

Ẹ kò gbàgbé iṣẹ́ tí mò ń ṣe, àbí? Iṣẹ́ tí ẹ máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé mò ń tọ́jú èkúté. Ọkàn ni mò ń wò, Bàbá. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń wà nídìí awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, tí mò ń wo sẹ́ẹ̀lì ọkàn tó ti rẹ̀, bó ṣe ń gbọ́ àṣẹ àti bó ṣe ń kọtí ikún sí i. Nínú gbogbo àìsàn tó wà láyé, èyí tí mo mọ̀ jù lẹ lọ mú, ẹ sì fi í pamọ́ fún mi. Ẹ dà bí ẹni tó bí káfíńtà tó wá ń jókòó sórí òkúta.

N kò lè pè yín lórí fóònù nítorí pé ayùn ilé ìlagi yín ti ba etí yín jẹ́. Ìgbà tí mo pè kẹ́yìn, ẹ rò pé ọlọ́jà kan ni, ẹ sì lé mi. Lẹ́tà náà la ó máa kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ gbogbo oògùn tí wọ́n fún yín ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe ń lò ó. Ẹ má fi ti oníbàtà kún un.

Ọmọ yín,
olùtọ́jú èkúté.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Àlàáfíà ni mo wà, bí o kò tilẹ̀ béèrè. Màmá rẹ kí ọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti sọ fún un, ó ní bí òun bá dákẹ́, ta ni yóò máa kọ̀wé sí ọ?

O mọ ènìyàn bú. O fi “ẹ” bú mi láti òkè délẹ̀, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè mú ọ pé o kò bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ. Mo mọ ibi tí o ti jogún rẹ̀, mi ò lè bínú púpọ̀.

Dókítà tí wọ́n fún mi, ọmọdébìnrin ni. Bí mo bá ní kó bá mi ti gẹdú kan, inú èérún pákó la ó ti máa wá a. Ó gbé irin tútù lé mi láyà, ó ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ lọ bó ti yẹ mọ́. Mo ní ọkàn kì í ṣe alágbàṣe, ta ló fún un láyè pé kó rẹ̀ ẹ́? Kò rẹ́rìn-ín. Wọn kì í kọ́ wọn ní ẹ̀rín nílé ẹ̀kọ́ yẹn.

Oògùn mẹ́ta ló fún mi. Ọ̀kan ń lé mi lọ sílé ìtọ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ọ̀kan ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò rí ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí o ṣàlàyé fún mi, ìwọ tí o mọ ọkàn. Ó funfun, kò tó hóró ẹ̀wà. Ó ní kí n máa lo ọ̀kan láràárọ̀ kí ọkàn mi lè máa rọra lù. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú: ọkàn tí kò lágbára, oògùn tó máa tún dín eré rẹ̀ kù lẹ fún un? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ṣubú lulẹ̀, wọ́n tún gbé òkúta lé e láyà. Mo ti ń lò ó láti ìgbà náà nítorí ẹnu màmá rẹ, ẹsẹ̀ mi sì wúwo, ohùn mi kò jáde. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ààrá.

Ohùn yẹn sì ni mo fi ń jẹun. O mọ ilé ìlagi wa. Ayùn ńlá ń ké, igi ń yí, ọ̀gá tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun gbọ́dọ̀ lè bo ayùn mọ́lẹ̀, mo sì ti ń bò ó mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí o kò tíì hu eyín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí n kò mọ ohun tó ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí. Mo pariwo, wọn kò yíjú. Mo pariwo sí i, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo òjò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fa ọ̀kan létí, ẹni tó máa ń ti igi sẹ́nu ayùn, mo bá òwú níbẹ̀, òwú tó tó ṣe ìrọ̀rí fún ọmọ tuntun. Mo yẹ etí àwọn yòókù wò, kò sí èyí tí kò ki òwú. Mo rò pé nítorí ayùn ni. Irọ́ ni. Bí mo bá lọ jẹun, ayùn ń ké, wọ́n á yọ òwú kúrò, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Bí mo bá ti yọ lẹ́nu géètì, wọ́n á kì í padà. Mo ti sọ ẹni tí mo fà létí yẹn, olórí wọn, ní Òwú, mo sì ti fi ariwo kún ariwo mi.

Bí o bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, má kọ ìwé gígùn sí mi. Fi oògùn tó ń fún ọkàn lágbára ránṣẹ́, èyí tó máa nà án lẹ́gba kó lè sáré. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní in níbẹ̀ yẹn. Bí wọn kò bá ní in, kí lẹ ń fi gbogbo èkúté wọ̀nyẹn ṣe?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ohùn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ òwú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ẹ ti ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún ara yín láìmọ̀, bí ẹni tó jókòó lé fìlà tó ń wá. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń bá alágídí sọ̀rọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ọkàn kọ̀ọ̀kan ní etí lára. Àwa níbi iṣẹ́ ń pè é ní bẹ́tà, ṣùgbọ́n etí ni. Bí ajá yẹn bá lé yín, ara yín á tú omi kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní adirẹnalíìnì. Omi yẹn ni ohùn ọ̀gá. Ó kan etí, etí gbé iṣẹ́ náà wọlé, sẹ́ẹ̀lì bẹ́ sókè, ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ kíkankíkan. Ajá lọ, ohùn dákẹ́, ọkàn sinmi. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Nígbà tí ọkàn bá ti rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibi tó yẹ, ara kò sì ní làákàyè ju ọ̀gá ilé ìlagi kan tí mo mọ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni kó pariwo. Ó pariwo, ọkàn sáré díẹ̀, ara rò pé òun gbọ́n. Ló bá ń pariwo láàárọ̀, ó ń pariwo lọ́sàn-án, ó ń pariwo lójú oorun. Kí ni sẹ́ẹ̀lì ṣe? Òwú ni. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń sàmì sára etí tí ariwo ti lù jù. Òmíràn á wá bo etí tó lámì náà bí ìdérí. Lẹ́yìn náà wọ́n á fà á wọ inú ilé lọ, àwọn kan nínú wọn kì í sì í jáde mọ́, wọ́n á fọ́ wọn dànù. Ọkàn tó ti pẹ́ nínú ariwo, etí tó kù lára rẹ̀ lè má ju ìdajì lọ. Ara rí i pé wọn kò gbọ́, ó fi ariwo kún ariwo. Ta ni mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ariwo náà kò sì mọ sí etí nìkan. Ó ń pa sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń hù padà nínú ọkàn.

Ẹ ní kí n fi oògùn tó máa na ọkàn lẹ́gba ránṣẹ́. Ó wà. Wọ́n ti fún àwọn aláìsàn lò rí. Ara wọn yá, wọ́n ń rìn káàkiri, inú wọn dùn, púpọ̀ nínú wọn sì kú ṣáájú àwọn tí wọn kò fún. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ sọ, n ó bá oníbàtà náà mú díẹ̀ dání.

Hóró funfun tí ẹ ń kẹ́gàn yẹn, ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹnu ọ̀nà etí ló máa ń dúró sí kí ariwo má baà wọlé. Ó máa ń kọ́kọ́ rẹni, nítorí pé ẹgba ti mọ́ ọkàn lára. Bí oṣù bá ń gorí oṣù tí ariwo kò wọlé, sẹ́ẹ̀lì á gbà pé àlàáfíà ti dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ etí síta padà. Ọmọdébìnrin yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ kò ní gbà, nítorí pé kò lè ti gẹdú.

Kì í ṣe òní la ti ń bá irú èyí bọ̀. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ní kí ẹ má gun òrùlé nínú òjò, ẹ gùn ún, ẹ já lulẹ̀, ẹ sì ní òrùlé ló yẹ̀. Ẹ rántí eyín yín tí ẹ fi pílíà yọ, tí èyí tó ń dùn yín gan-an sì wà níbẹ̀ digbí. Mo lè kọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé gbogbo bàbá ló ń ṣe báyìí. Ìgbà tí mo dé ìdálẹ̀ ni mo rí i pé àwọn kan máa ń gbọ́ràn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Hóró funfun náà, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ má dá a dúró lójijì. Ó léwu.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé bíríkì lo fi ránṣẹ́. Mo kà á dé ibi tí o ti pè mí ní alágídí, mo sì ká a. Màmá rẹ fi tipátipá ka ibi etí àti ẹ̀ṣọ́ sí mi létí. Ó fẹ́ máa bá a lọ, mo ní ó tó. Ìyókù wà lábẹ́ aago orí tábìlì.

Ó yé mi dáadáa. O sọdá òkun, o wọ aṣọ funfun, o pa èkúté tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, o sì wá mọ ohun tí Òwú mọ̀ láìfi awò wo nǹkan kan. Mo kí ọ. Mo ti sọ fún Òwú pé ọmọ mi tó wà ní ìdálẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Kò gbọ́, òwú wà ní etí rẹ̀.

Síbẹ̀, má sọ pé bàbá rẹ kì í gba ìmọ̀ràn. O ní hóró yẹn ń dí ariwo lọ́nà. Ọjọ́ tí mo bá wà nílé, mi ò nílò ariwo. Ọjọ́ iṣẹ́, ariwo ni iṣẹ́ mi. Nítorí náà mo ti pín in. Ọjọ́ ìsinmi ni mò ń lò ó, bí ọjọ́ iṣẹ́ bá dé, mo fi í sílẹ̀ nínú ìgò rẹ̀, bí ẹni tó bọ́ aṣọ ilé tó wọ ti iṣẹ́. Màmá rẹ ní kí n kọ́kọ́ béèrè. Ta ni kí n bi? Ọmọdébìnrin yẹn?

Ohun tí mo rí jẹ́ ìyanu. Ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mi ò lò ó, ọkàn mi ń ta kìì nínú àyà mi, ohùn mi padà, mo pariwo débi pé akọ̀wé wa da tíì sórí aṣọ rẹ̀. Agbára mi kò lọ síbì kan, ẹ̀yin lẹ fi hóró tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ níbẹ̀ yẹn kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá,

N kò kí yín. Bí mo bá kí yín lónìí, irọ́ ni mo máa pa.

Ta ló sọ fún yín pé oògùn ọkàn jẹ́ aṣọ tí à ń bọ́ tí à ń wọ̀? Mo túmọ̀ lẹ́tà yín fún ọ̀gá mi níbí, àgbàlagbà tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ọkàn. Ó ní kí n tún un túmọ̀, ó rò pé mo ṣì í sọ. Mo ní n kò ṣì í sọ, bàbá mi ni. Ojú tì mí. Ẹni tó lè fi ojú lásán wo gẹdú kó mọ pákó tó wà nínú rẹ̀, tí kò sì lè fi oògùn sẹ́nu láàárọ̀ láìṣe àṣejù. Ẹ sì tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n ti kọ ọ́, Bàbá. Abẹ́ ibi tí wọ́n ń kọ ohun tó ń pani sí ló wà.

A kì í sunkún ká má ríran, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí ẹ ń lo hóró yẹn lójoojúmọ́, etí ti ń yọ padà lára sẹ́ẹ̀lì yín. Ọkàn yín ti ń yọ òwú. Ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ wá lé ẹ̀ṣọ́ lọ, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń pariwo sí etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Èyí tó ń ta kìì tí ẹ pè ní agbára, ìjayà ni. Ọkàn tó bá ń ta bẹ́ẹ̀ lè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lù, kó máa gbọ̀n lásán, kó sì dúró. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún un, kó sọ bí ẹ ó ṣe tún bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́ nínú lẹ́tà tó kọjá pé ẹ má dá a dúró lójijì. Ẹ fi aago tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Bàbá,

Ẹ kò fèsì. Màmá náà kò kọ nǹkan kan. Bóyá ẹ ń ta kìì káàkiri ilé ìlagi, ọwọ́ yín ò sì ráyè. Bóyá ìtìjú ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ìtìjú lójú yín rí.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ kò bá ti bá yín lára mu, ẹ máa ń di adití, bí wọ́n bá sì bi yín, ayùn lẹ máa ń dá lẹ́bi. Ó ti sú mi láti máa bá ògiri sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Mo mọ ọkàn èkúté ju ti bàbá mi lọ, ọkàn èkúté sì máa ń dáhùn.

Ẹ kọ̀wé sí mi. Ìlà kan péré.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bàbá rẹ wà láàyè. Mo kọ ìyẹn síwájú kí o má baà máa wá a ní ojú ewé tó kẹ́yìn, bí o ti máa ń ṣe fún wa.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó kọjá lọ́hùn-ún ló ṣẹlẹ̀. Gẹdú kan yẹ̀ kúrò lórí òkìtì, ó ń yí bọ̀ wá síbi tí Òwú dúró sí, Òwú sì kọ ẹ̀yìn sí i. Bàbá rẹ pariwo. Wọ́n ní àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ariwo náà. Òwú kò gbọ́. Ó tún pariwo. Nígbà tó rí i pé ohùn kò ràn án, ó sáré. Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ sáré la gbogbo àgbàlá kọjá, ó fa Òwú lẹ́wù, igi kọjá, òun fúnra rẹ̀ sì dojú bolẹ̀ sínú èérún pákó. Òwú ló pọ̀n ọ́n dé ojú títì, òun náà ló wá ọkọ̀. Ó ń sunkún, òwú ṣì wà ní etí rẹ̀ kan.

Dókítà kékeré yẹn ní ọkàn bàbá rẹ ń sáré ségesège. Ó béèrè bó ṣe ń lo oògùn, mo sọ ti ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti mú ọkàn náà balẹ̀. Ó ní ọkàn yẹn kò lè fara da irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, pé àwọn máa tún bẹ̀rẹ̀ hóró funfun náà láti ìwọ̀n tó kéré jù, bí bàbá rẹ bá gbà. Kò tíì gbà. Ó kọjú sí ògiri. Ó ní ẹni tí kò ní ohùn mọ́, kí ló tún fẹ́ fi ọkàn ṣe?

Ìgbà tí mo délé láti ọsibítù ni mo bá lẹ́tà rẹ lábẹ́ aago. Èyí tí o ti ní o kò kí i, ó kà á dé ìlà kejì, ó ká a. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kà á tán. Ó ní, “Ọmọ yẹn ń pariwo.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Èyí tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀lé e dé lánàá, mi ò tíì já a fún un, mo ti mọ bí ohùn rẹ̀ á ṣe rí. Ẹ̀yin méjèèjì, mi ò mọ èyí tó burú jù nínú yín. Ó ń pariwo mọ́ òṣìṣẹ́, ìwọ ń pariwo mọ́ ọn, èmi ni mo wà láàárín, èmi nìkan ni mi ò rí òwú kì.

Kọ̀wé sí i. Jẹ́ kó kúrú. Má kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu. Mo dúpẹ́ pé ẹ wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lo hóró funfun náà bí dókítà bá ṣe ní kí ẹ lò ó, ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi.

Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé àìsàn ń ṣe ọ́. Mo yí i padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbọn àpò rẹ̀ wò bóyá èébú kan bọ́ sílẹ̀. Mo ní kí màmá rẹ kà á, kó sọ fún mi bóyá ọwọ́ rẹ ni. Ó ní ọwọ́ rẹ ni. Mo tún dúró de èyí tí o máa fi tẹ̀lé e, nítorí mo mọ̀ pé o kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ọ̀sẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ bọ̀, o kò kọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju gbogbo èébú rẹ lọ, bí o bá fẹ́ mọ̀.

Mò ń lo hóró náà. Má jẹ́ kó gùn ọ́ lórí. Kì í ṣe ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ ló mú mi lò ó. Gbólóhùn kékeré tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni. Mi ò mọ̀ pé nǹkan máa ń bà ọ́ lẹ́rù.

Oníbàtà wá kí mi, ó ní kí n dá a dúró, ó ní gáàsì ló ń fà á. Mo ní kó máa bá bàtà rẹ̀ lọ. Ọmọdébìnrin yẹn náà fi ẹ̀rọ rẹ̀ wo ọkàn mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wò ó pẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ó ní eyín. Ó ní ọkàn náà ti ń ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní etí rẹ̀ ti ń là. Mo bi í ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ etí. Ó ní màmá rẹ ló ka lẹ́tà rẹ fún òun. Kò sí àṣírí nílé yìí mọ́.

Mo ti padà sí ilé ìlagi, ṣùgbọ́n orí àga ni mò ń jókòó, hóró yẹn kò sì jẹ́ kí n lè pariwo. Mo máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ń rí i pé ẹnu mi ń lọ, wọn kò mọ ohun tí mò ń wí. Ó dààmú wọn. Wọ́n rò pé mò ń bú wọn, tàbí pé mò ń yan ẹni tí màá lé lọ. Òwú ló kọ́kọ́ yọ tirẹ̀, ó sún àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò bú u, gẹdú ni mò ń kà. Kí oṣù tó parí, kò sí ẹni tó ki òwú mọ́ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá fẹ́ la ẹnu báyìí, ẹnì kan á sáré lọ pa ayùn. Ayùn tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi bò mọ́lẹ̀, wọ́n ń pa á fún mi, kí wọ́n lè gbọ́ pé kí wọ́n gbé pákó sí apá òsì. Ọ̀lẹ ṣì ni gbogbo wọn.

Mo ti yọ àwọn lẹ́tà rẹ kúrò lábẹ́ aago. Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, nítorí mo ti rí i pé ìsàlẹ̀ pátápátá lo máa ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, lẹ́yìn tí o bá ti fi èébú lé onílé lọ. Ká ní mo mọ̀, ibẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ti pílíà yẹn, eyín méjèèjì ló ń dùn mí.

Ìsàlẹ̀ la wà yìí, èmi náà á sọ tèmi. Wá sílé. Má rò pé ikú ló ń lé mi. Ẹsẹ̀ mi ti fọn, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń sùn, mo sì gun àtẹ̀gùn lánàá láìdúró. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ, mi ò sì lè pariwo rẹ̀ mọ́. Àfi kí o sún mọ́ mi.

Bàbá rẹ.